Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìtìjú So Yín Mọ́ Oko Olóko

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Manigri-Oké àti Manigri-Ikanni, ẹ̀yin ará Bassila tí ẹ ń sọ Anii, ẹ̀yin ti Pénéssoulou àti Alédjo, ẹ fetí sílẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti wà ní gáréèjì Bassila, mo sì mọ ohun tí ọkọ̀ ń gbé gba ibẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ ń gbé iṣu lọ sí Cotonou. Ó ń gbé kajú, ó ń gbé òwú, ó ń gbé èédú. Ó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú, ojú wa sì ti mọ́ ọn lára débi pé a kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Ìmọ̀ràn yìí wà fún ẹ̀yin tí ọkàn yín ti ń fà sí àjò, ó sì wà fún ẹ̀yin tí ẹ ti lọ tí ẹ sì ti padà bọ̀. Mo fi nọ́ńbà sí i kí oníkálukú lè tètè rí tirẹ̀.

1. Ẹni tó ń bọ̀ wá mú yín lọ, ẹ ó kí i káàbọ̀.

Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, gbọ́mọgbọ́mọ la fi ń dẹ́rù bà yín, ọkùnrin burúkú kan tó ń gbé àpò kiri inú igbó. Ẹ gbàgbé ọkùnrin yẹn. Ẹni tó ń kó ọmọ lọ ní ìlú wa, a mọ ilé bàbá rẹ̀. Ó lè jẹ́ àbúrò ìyá yín tó ń gbé Parakou. Ó lè jẹ́ màmá kan tó wá síbi ìnáwó, tó rí bí ẹ ṣe ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo mọ́ yín. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ yín tó lọ sí Nàìjíríà, tó gun ọ̀kadà tuntun wọlé lọ́jọ́ Iléyá, tí a kò sì bi í bó ṣe rówó rà á. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Olówò ènìyàn tó wà lókèèrè kò lè mọ ilé tí kajú kò ti so dáadáa lọ́dún yìí, kò sì lè mọ bàbá tí àìsàn ti jẹ owó rẹ̀ tán, àfi bí ara ilé bá sọ fún un.

Mi ò ní sọ pé kí ẹ má gba ẹbí gbọ́. Ẹni tí kò gba ẹbí gbọ́, ta ni yóò bá gbé? Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹ bi ẹbí léèrè ohun tí ẹ máa bi àjèjì. Bí ó bá fi ìbínú dáhùn, bí ó bá ní ẹ ò mọ̀wà hù nítorí pé ẹ béèrè ibi tó ń mú yín lọ, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín nìyẹn.

2. Ẹ mọ ọmọ tí a fi tọ́ yàtọ̀ sí ọmọ tí a tà.

Àṣà wa ni pé kí ọmọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Àwọn Fọ̀n ní irú rẹ̀, vidomègon ni wọ́n ń pè é, ó sì ti gbè ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n di ẹni ńlá lónìí. Àwọn baba wa tilẹ̀ ní ìwọ̀fà. Bí bàbá bá jẹ gbèsè, ó lè fi ọmọ rẹ̀ sìn títí yóò fi san owó náà. Mi ò yin àṣà yẹn. Ó ni ọ̀pọ̀ ọmọ lára, ó sì dára bí ó ṣe parí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: gbogbo ẹbí ló mọ ilé tí ìwọ̀fà wà, ẹlẹ́rìí jókòó níbi àdéhùn, iye gbèsè kò yí padà, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san án ni ọmọ ń padà sílé.

Olówò ènìyàn òde òní kò ní ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹbí yín kò mọ ilé tí yóò fi yín sí. Kò sí ẹlẹ́rìí. Gbèsè tó kà sí yín lọ́rùn ń wú sí i lójoojúmọ́: owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó oògùn ibà, owó abọ́ tó fọ́. Ọjọ́ ìpadà ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, wọ́n kó ọmọ 116 padà sí Benin, orílẹ̀-èdè wa, láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní àyíká Abẹ́òkúta. Za-Kpota ní ìpínlẹ̀ Zou ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ ti ń wá. Ọmọ ń gbẹ́lẹ̀, ọmọ ń fi òòlù fọ́ òkúta, ọmọ ń kó o kún ọkọ̀ ńlá, owó ń lọ sápò ẹni tó mú un wá. Ó dùn mí títí dòní pé Abẹ́òkúta ni ibi náà. Nítorí ogun akẹ́rú ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe lọ sá sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830. Wọ́n sá lọ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tà wọ́n.

3. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀nà wa.

Bantè kò jìnnà síbí. Ẹni tó bá gba títì Savalou, ibẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Ní 1860, àwọn ọmọ ogun Dahomey ya wọ ìlú kan ní agbègbè yẹn ní kùtùkùtù, wọ́n pa èyí tí wọ́n pa, wọ́n kó èyí tí wọ́n kó. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà nínú àwọn tí wọ́n kó, kò tíì tó ọmọ ogún ọdún. Olúálé Kossola ni orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé-ìtàn Sylviane Diouf ló wá ìtàn rẹ̀ títí ó fi tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìṣà ti Bantè. Wọ́n mú un fẹsẹ̀ rìn dé Ouidah, wọ́n tì í mọ́ àhámọ́ ẹrú létí òkun, wọ́n sì tà á fún ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Clotilda. Ènìyàn 110 ni ọkọ̀ náà kó dé Mobile, ní Alabama, ní oṣù keje ọdún yẹn. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú wọlé láti òkè òkun mọ́. Nítorí náà wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà sínú odò kí ẹ̀rí má baà sí. Ọdún 2019 ni wọ́n tó sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn ti rí òkú ọkọ̀ náà nínú ẹrẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ìtàn yìí ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí òmìnira dé ní 1865. Kossola àti àwọn tí wọ́n jọ wá fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n bẹ ọ̀gá tó ní kí wọ́n lọ kó wọn wá pé kó fún àwọn ní ilẹ̀ díẹ̀ fún iṣẹ́ ọdún márùn-ún tí wọ́n ti ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ̀. Ni wọ́n bá lọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìlagi, àwọn obìnrin ń ta ẹ̀fọ́ kiri, wọ́n kó owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀. Wọ́n yan olórí. Wọ́n yan àwọn tí yóò máa parí ìjà. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ iléèwé fún àwọn ọmọ wọn, Kossola sì fún àwọn ọmọ tirẹ̀ ní orúkọ ilé pẹ̀lú orúkọ òyìnbó. Africatown ni wọ́n ń pe ìlú náà, ó wà níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tó fi máa kú ní 1935, ó ṣì ń bá àwọn tó wá kí i sọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dájọ́ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ì bá má là á já. Àpapọ̀ wọn ló là á já. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá dé nọ́ńbà 11.

4. Kí ẹ tó gun ọkọ̀, ẹ béèrè.

Mi ò sọ pé kí ẹ má lọ. Àwa Nàgó ti ń rìn kí òyìnbó tó fa ààlà. Ẹbí wa wà ní Kambolé nílẹ̀ Tógò, ó wà ní Ṣakí, ó wà ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ló lọ roko ní Nàìjíríà tí wọ́n fi owó rẹ̀ kan páànù sórí ilé bàbá wọn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ ni wọ́n tà, inú sì máa ń bí mi nígbà tí wọ́n bá dá ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún tó mọ oko tó ń lọ dúró ní títì, tí wọ́n sì jẹ́ kí ọkọ̀ tó kó ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kọjá nítorí pé ìyá kan jókòó tì wọ́n. Àjò dára. Ẹ ṣáà béèrè.

Kí lorúkọ ọ̀gá, ìlú wo ló wà, ta ló mọ̀ ọ́n níbí? Ṣé mo lè bá ẹlòmíràn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lónìí, ní èdè wa, kí ìwọ má sì dúró tì mí? Èló ni lóṣù, ọwọ́ ta ni owó ń gbà kọjá?

Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ owó yẹn. Ẹni tó bá ní òun yóò san gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí ọdún bá parí, ẹ ní kó san ti oṣù kìíní lóṣù kìíní. Ní 2003, Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ènìyàn, tẹ irú ìtàn yìí jáde bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọkùnrin Tógò, àwọn aládùúgbò wa gan-an: wọ́n kó wọn gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí oko ní Nàìjíríà, wọ́n ṣiṣẹ́ láti ìdájí títí di alẹ́, ọdún yí po, wọ́n fún wọn ní kẹ̀kẹ́ kan, wọ́n ní kí wọ́n máa wa ọ̀nà ilé lọ. Kẹ̀kẹ́. Àwọn mìíràn wà á fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó délé, àwọn olè àti ṣọ́jà ń gba tọwọ́ wọn lọ́nà.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí wọ́n ń fi Kuwait tàbí Lẹ́bánónì tàn, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Lọ́hùn-ún, orúkọ ọ̀gá yín ni ìwé ìgbélùú yín rọ̀ mọ́. Bí ẹ bá jáde nílé rẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá máa wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń lù yín. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ yín níbí kò ní sọ ìyẹn.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí ẹ má sọ fún bàbá àti ìyá yín títí ẹ ó fi débẹ̀, ẹ má bá a lọ.

5. Ìwé yín, ọwọ́ yín ni kó wà. Ẹ ya fọ́tò ìwé ìbí, ìwé ìdánimọ̀ àti páálí ìrìnnà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan tí kì í pàdánù fóònù.

6. Ẹ kọ́ nọ́ńbà sórí.

Fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ nọ́ńbà ìyá yín lórí, nítorí pé orúkọ rẹ̀ nìkan lẹ ń tẹ̀. Ẹ kọ́ nọ́ńbà ìyá yín sórí lálẹ́ òní, kí ẹ kọ́ ti olùkọ́ kan tàbí ti àlùfáà kan sí i. Ẹ fi 138 kún un, èyí tí ọmọdé lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ nílẹ̀ wa. Bí ẹ bá ti wọ Nàìjíríà, 627 ni nọ́ńbà NAPTIP, àjọ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti òwò ènìyàn. Ìjọba wa àti tiwọn ti tọwọ́ bọ ìwé pọ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2005 pé àwọn yóò jọ máa dá ọmọ padà, nítorí náà kò sóhun tó burú nínú kí ọmọ Manigri pè wọ́n.

7. Ìbúra tí wọ́n fi tipá mú yín ṣe kò dè yín.

Mo mọ̀ pé èyí le láti gbọ́ nílẹ̀ wa, níbi tí a ti ń bẹ̀rù Ògún, tí a sì ń bọlá fún un. Wọ́n á gé irun yín, wọ́n á gba èékánná, wọ́n á ní bí ẹ bá sá, ẹ ó ya wèrè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Benin ti Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti fi irú ìbúra báyìí ṣọwọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin sí Yúróòpù. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì pe gbogbo babaláwo àti àwọn olóòṣà ìlú jọ, ó tú gbogbo ìbúra náà ká ní gbangba, ó sì gégùn-ún fún ẹni tó bá tún ṣe é. Ọba fúnra rẹ̀ ló ṣe é, pẹ̀lú àwọn tó ni oògùn. Òrìṣà tí mo mọ̀ kì í ti olè lẹ́yìn. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, ẹ padà wálé, àwọn àgbà yín wà níbí láti bá yín tú u.

8. Bí ẹ bá ti wà lọ́wọ́ olówò ènìyàn.

Ẹ má halẹ̀ pé ẹ ó lọ. Ẹni tó halẹ̀, wọ́n á tì í mọ́lé. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín, kí ẹ sì máa fi ojú kó nǹkan jọ: ọjọ́ ọjà, ìgbà tí ọ̀gá ń jáde, orúkọ tó wà lára pátákó iléèwé tàbí mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń wá kẹ́rù. Ẹ wo ẹni tó ń wọlé wọ̀de níbẹ̀. Obìnrin tó ń ta omi, ọmọ tó ń kó ìdọ̀tí, mẹkáníìkì, awakọ̀ tó ti Djougou wá. Ọ̀kan nínú wọn lè gbé ìsọfúnni délé fún yín. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Yorùbá lẹ wà, ẹ sọ èdè yín. Nàgó wa lè yàtọ̀ sétí wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní "ẹ gbà mí", kò sí ará Abẹ́òkúta tàbí Ìsẹ́yìn tí kò ní gbọ́.

Ẹ má sá wọ igbó lóru. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, síbi tí ojú pọ̀ sí: ọjà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwòsàn. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ ni kí ẹ tọ̀ lọ ṣáájú ẹni tó dá dúró nínú ọkọ̀.

Ẹ má mú ohunkóhun tó jẹ́ tọ̀gá yín, ìbáà ṣe bàtà. Ó ń retí kí ẹ mú un ni, kí ó lè lọ bá ọlọ́pàá pé olè lẹ jà. Ẹ má sì dúró de owó iṣẹ́. Mo mọ̀ pé òógùn yín ni. Mo mọ̀ pé oṣù méjì péré ló kù kí ọdún pé. Oṣù méjì yẹn ni wọ́n fi ń so yín mọ́lẹ̀, nítorí pé nígbà tó bá pé, wọ́n á rí ẹ̀sùn kan kà sí yín lẹ́sẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi bá a lọ. Ẹ lọ. A lè bá yín lépa owó lẹ́yìn tí ẹ bá ti délé.

9. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ̀yin ìyá tó ń ta ìrẹsì ní gáréèjì, ẹ̀yin ni mo ń bá wí níbí. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń wo ọmọ. Mo rántí ọmọbìnrin kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tó ọmọ ọdún mọ́kànlá. Aṣọ ọrùn rẹ̀ tuntun, ó sì tóbi jù ú lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ àti ipara ojú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu. Mo bi í pé kí lorúkọ ìyá rẹ̀. Kó tó dáhùn, ó kọ́kọ́ wo ojú obìnrin tó mú un dání. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ń lọ. Ó tún wò ó. Ọmọ tó ń bá ìyá tàbí àǹtí rẹ̀ rìnrìn àjò kì í wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó dárúkọ ìyá rẹ̀. Mo ní kí awakọ̀ má tíì gbéra, a sì ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Obìnrin náà kò dúró dè wọ́n.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Láti oṣù kẹrin ọdún 2006 ni òfin 2006-04 ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò níbi tí òbí rẹ̀ ń gbé láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, àfi bí ó bá ní ìdí tí òfin mọ̀. Ẹni tó bá kó ọmọ ṣòwò, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 20 ló wà níwájú rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tuntun ti 2018 sì fi àgbàlagbà tí wọ́n tà kún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ náà fẹ́ lọ. "Mo gbà" ọmọdé kò jẹ́ nǹkankan níwájú òfin yìí, gbogbo ayé ló sì fẹnu kò lé e lórí nínú ìwé àdéhùn Palermo ní 2000.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Etireno kúrò ní Cotonou ní 2001, tí Gabon àti Cameroon lé e padà, tó sì gúnlẹ̀ padà ní oṣù kẹrin pẹ̀lú nǹkan bí ogójì ọmọ nínú, gbogbo ayé ló ń béèrè bí wọ́n ṣe wọ ọkọ̀. Ìbéèrè tèmi ṣáájú ìyẹn. Kí ọmọ tó dé etíkun, gáréèjì mélòó ló ti gbà kọjá?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ má lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lu aláìṣẹ̀ pa rí nítorí pé ẹnìkan kígbe "gbọ́mọgbọ́mọ". Ẹ dá ọkọ̀ dúró, ẹ béèrè, ẹ pe ọlọ́pàá tàbí 138, kí ẹ sì fún ọmọ náà ní omi mu.

10. Ẹ gbé òwe kan tì.

A máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó lè dára fún balógun. Kò yẹ ọmọ tí wọ́n rẹ́ jẹ, mo sì fẹ́ kí a yé fi tọ́ ọmọ nílẹ̀ yìí. Mo ti bá àwọn tó padà bọ̀ sọ̀rọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, mo bi wọ́n ohun tó dá wọn dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ló dárúkọ ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì. Èyí tó pọ̀ jù ní, "Bàbá, ṣé kí n wá di ọwọ́ òfo wọlé ni?" Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀, wọn kò jáde, nítorí pé ọmọ ilé kejì ti kọ́ ilé. Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì wa lọ́sàn-án gangan. Ó lọ jókòó sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta epo inú ìgò títí ilẹ̀ fi ṣú, kó tó gba ọ̀nà Manigri lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé kò gbé báàgì. Ó ti la òkun kọjá, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú, ojú àwa tí a bí i ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bà á lẹ́rù.

Ọwọ́ wa lèyí wà, kò sí lọ́wọ́ ìjọba. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá padà dé, omi, oúnjẹ, ibùsùn ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi í iye tó mú bọ̀. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá a lò pọ̀, nítorí oògùn kan wà tí kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí ọjọ́ mẹ́ta bá ti kọjá. Bí ó bá fẹ́ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Bí ìtàn tó sọ lónìí bá yàtọ̀ sí ti àná, irọ́ kọ́ ló ń pa. Ọkàn tó fara gbọgbẹ́ kì í to ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bí ó bá gbé oyún wálé, ọmọ wa ni. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ bí a ṣe ń ṣe fún gbogbo ọmọ.

Bàbá tó gba owó lọ́wọ́ ẹni tó mú ọmọ rẹ̀ lọ, kí ó sọ ọ́ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀, níwájú ẹbí, kí ó sì bẹ̀ ẹ́. Àgbà lè bẹ ọmọ. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é, ilé náà kò wó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá iṣẹ́ fún un. Ẹni tó padà wálé tí kò rí nǹkan ṣe, alágbàtà yóò tún padà wá bá a láàárín ọdún kan. Ẹ bá a san owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ, lọ́dọ̀ ajórin, lọ́dọ̀ aṣerunlóge. Ẹ lọ sí GUPS, ọ́fíìsì ìrànwọ́ ìjọba tó wà ní Bassila, èyí tí a ń pè ní CPS tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

11. Ẹ̀yin tí ẹ ti bọ́, ẹ lè yọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ má dá a ṣe.

Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà yẹn bíi tiyín. Ẹ mọ ohùn alágbàtà, ẹ mọ ilé tí wọ́n ń sùn sí lọ́nà, ẹ mọ irọ́ tí wọ́n ń pa lẹ́nu ibodè. Kò yẹ kí ìmọ̀ yẹn ṣòfò. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì rántí: orúkọ, ìlú, àwọ̀ gééètì, igi tó wà níwájú ilé, orúkọ àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ àti ìlú tí wọ́n ti wá. Ẹ gbé e fún OCPM, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń dáàbò bo àwọn ọmọdé, tàbí fún NAPTIP bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà ni. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ má padà lọ síbẹ̀ fúnra yín láti lọ mú ọ̀rẹ́ jáde. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń tì yín. Wọ́n á mú yín méjèèjì. Ẹ má san owó ìtúsílẹ̀ fún alágbàtà pẹ̀lú, nítorí owó yẹn ló máa fi gbé ọmọ tó kàn. Ẹ má sì gbé fọ́tò ọmọ tí a ń wá sórí Facebook láìbéèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó tì í mọ́lé ní fóònù pẹ̀lú, bí ó bá sì rí i, yóò gbé e kúrò níbẹ̀ ní òru ọjọ́ náà.

Ìtàn yín, ẹ̀yin lẹ ni ín. Àwọn aláàánú máa ń wá, wọ́n máa ń gbé kámẹ́rà dání, wọ́n sì ń fẹ́ gbọ́ èyí tó burú jù lọ. Ẹ lè sọ pé rárá. Ẹ lè sọ ìdajì. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iléèwé kí wọ́n lè mọ̀, ẹ sọ ọ́, mo sì máa bá yín jókòó níbẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kí àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ máa pàdé ara yín pẹ̀lú. Àwọn ará Kossola kò fi ọ̀rọ̀ ara wọn sílẹ̀ fún àlejò láti bá wọn tò.

12. Kí iléèwé tó gba ìsinmi gígùn.

Ìgbà ìsinmi yẹn ni àwọn alágbàtà ń wá. Kajú ti tán, owó rẹ̀ ti tán, iṣu tuntun kò tíì jáde, ọmọ sì wà nílé láìníṣẹ́. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan lọ láti ilé dé ilé ní oṣù kẹfà, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ tó fẹ́ rìnrìn àjò, ẹni tó ń mú un lọ, ibi tó ń lọ, ọjọ́ tó yẹ kó padà. Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ olórí àdúgbò, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò nígbà tí iléèwé bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Ọmọ tí kò bá padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà gan-an, kì í ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Cotonou, ní Parakou, ní Ṣakí, ní Èkó, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ kí a kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yẹn. A ó fi fún gbogbo ọmọ tó bá ń lọ sí ọ̀nà yín. Bí fóònù bá sì dún láàjìn pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀, ẹ gbé e.